Irun Bárónì Tó Kú sí Ìdálẹ̀

Ọ̀gá mi ní ilẹ̀ Jámánì ti kú kí wọ́n tó bí bàbá tó bí bàbá mi. Irú ọ̀gá tó dára jù lọ nìyẹn. Kì í pariwo, kì í wo aago tí mo bá pẹ́, kì í sì bi mí bóyá iná mànàmáná wà níbi tí mo ti wá. Àwòrán rẹ̀ wà lórí ògiri lókè àtẹ̀gùn. Irùngbọ̀n rẹ̀ là sí méjì bí ìrù alápàáńdẹ̀dẹ̀, ó sì ń wo gbogbo ẹni tó bá wọlé bí ẹni pé bàtà wọn kò mọ́. Láàárọ̀, kí n tó mú ìgbálẹ̀, mo máa ń kí i: "Ẹ káàárọ̀, sà." Nínú gbogbo ìlú yẹn, òun nìkan ni mo lè kí tí kò ní bi mí pé kí ni mo ń wá.

Mi ò ní sọ bí mo ṣe débẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó gbé báàgì, kó lọ dúró ní Ìkòríta Ṣàgámù, kó ṣe ojú bí arìnrìn-àjò. Kó tó jẹ búrẹ́dì kan tán, èèyàn mẹ́ta á ti ṣàlàyé fún un, ọ̀kan nínú wọn á sì ní òun ní ẹ̀gbọ́n níbẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé tíṣà ni mí ní Ìlárá Rẹ́mọ. Tí mo bá ń lọ sílé láti ilé-ìwé, ìrìn tí kò jìnnà máa ń pẹ́, nítorí ìkíni. Mo dé ìlú kékeré kan ní àríwá Jámánì, ìrìn tó jìnnà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá kíákíá. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kejì, mo kí gbogbo inú ọkọ̀ káàárọ̀ bó ṣe yẹ. Obìnrin kan fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Awakọ̀ wò mí nínú dígí títí mo fi sọ̀kalẹ̀.

Ìdọ̀tí ni ìlú náà kọ́kọ́ kọ́ mi. Garawa mẹ́rin ló wà lẹ́yìnkùlé ilé tí mo ń gbé: aláwọ̀ ìyeyè fún ọ̀rá àti agolo, aláwọ̀ búlúù fún bébà, aláwọ̀ ilẹ̀ fún ohun tó lè jẹrà, dúdú fún gbogbo ohun tí kò ní ẹ̀yà. Aládùúgbò mi, bàbá kan tí kò bá mi sọ̀rọ̀ rí láti ìgbà tí mo dé, fúnra rẹ̀ kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan. Inú mi dùn, mo ti fẹ́ gbé àga fún un. Àpò tíì tí mo ti lò ló mú dání, ó yọ ọ́ nínú garawa tí kò tọ́. Ó fi sùúrù kọ́ mi: ewé inú rẹ̀ síbí, bébà kékeré tó wà lórí òwú rẹ̀ sọ́hùn-ún. Mo dúpẹ́. Ní Ìlárá, ewúrẹ́ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn, ẹnì kan kò sì san owó oṣù fún un.

Lẹ́yìn náà ni mo rí iṣẹ́ ní ilé Bárónì, ọ̀gá mi tó ti kú yẹn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni, ilé tí wọ́n bí i sí gan-an. Mo ń gbálẹ̀, mo ń nu gíláàsì, mo sì ń ṣọ́ ọwọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé tó bá wá wòran. Orúkọ ọkùnrin náà gùn débi pé kéèyàn tó pè é tán, ọkọ̀ ojú irin á ti lọ, nítorí náà Bárónì, orúkọ oyè rẹ̀, ni mo ń pè é. Aṣojú ìjọba ni ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kí n sọ tòótọ́, ọkùnrin náà wọ̀ mí lẹ́mìí. Mo ka gbogbo pátákó tó wà nínú ilé, mo ka ìwé tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà, mo ka àwọn lẹ́tà rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde, mo fi ìwé atúmọ̀ èdè sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá, kò sí ohun tí mi ò mọ̀ nípa rẹ̀ àfi bó ṣe ń hanrun, mo sì ní èrò tèmi lórí ìyẹn náà.

Ọmọ kẹta ni. Lọ́dọ̀ wọn nígbà náà, àkọ́bí ló ń jogún ilẹ̀, èkejì á lọ ṣe ológun, ẹ̀kẹta á máa wá ibi tí wọ́n máa rán an lọ. Ẹ rí i pé Rẹ́mọ kọ́ ni jàpá ti bẹ̀rẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ó mọ ijó, ó gbọ́ Faransé, ìyẹn sì tó. Orílẹ̀-èdè rẹ̀ kéré débi pé ẹni tó bá gun ẹṣin lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ lè là á já kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní aṣojú ní òkèèrè, nítorí ìjọba tí kò ní aṣojú dà bí olóyè tí kò ní fìlà. Wọ́n kọ́kọ́ rán an lọ sí Lísíbọ̀n, ó ṣe akọ̀wé níbẹ̀. Ó tibẹ̀ lọ sí Ìsítáńbùlù. Níkẹyìn ó di aṣojú àgbà ní Río, nígbà tí ilẹ̀ Bràsíìlì ṣì ní ọba.

Aṣọ oyè rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí gíláàsì: kóòtù búlúù tó dúdú díẹ̀, ewé tí wọ́n fi òwú wúrà ṣe yí ọrùn àti etí ọwọ́ rẹ̀ ká, bọ́tìnnì mẹ́sàn-án níwájú, àti fìlà onígun méjì tó ní ìyẹ́ ògòǹgò funfun. Ẹ má fojú kéré àwọn bọ́tìnnì yẹn. Nígbà tí ìjọba ńlá gbé ìjọba kékeré rẹ̀ mì, gbogbo ohun tí Bárónì ṣe ni pé ó ní kí wọ́n já bọ́tìnnì àtijọ́, kí wọ́n rán tuntun tó ní àmì ọba tuntun mọ́ ọn. Ó sùn ní ọmọ orílẹ̀-èdè kan, ó jí ní ọmọ òmíràn. Kò tò, kò ya fọ́tò, ẹnì kan kò bi í ní orúkọ ìyá rẹ̀. Èmi, kí wọ́n tó fún mi ní ìwé ìgbélùú ọdún kan, mo jókòó ṣe ìdánwò èdè. Wọ́n gbé àwòrán ẹ̀rọ ìfọṣọ tó bàjẹ́ síwájú mi, wọ́n ní kí n ṣe bí ẹni tó ń pe onílé, kí n ṣàròyé. Bárónì gbé Lísíbọ̀n fún ọdún mẹ́rin, ohun tó sì mọ̀ nínú èdè wọn kò ju bí wọ́n ṣe ń béèrè omi gbígbóná lọ. Kò sí ẹni tó sọ pé ó kọ̀ láti bá ìlú mu.

Nígbà tó ń lọ sí Río, ó kó àpótí méjìlélọ́gbọ̀n dání, pẹ̀lú ọpọ́n ìwẹ̀ bàbà kan àti dùùrù kan. Èmi kó kílò mẹ́tàlélógún, ó sì fi díẹ̀ lé, gààrí ni wọ́n ní kí n yọ ní pápákọ̀ òfurufú. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn, ó jìyà. Ó kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀ pé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ń dín nǹkan kan ní ìgboro, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n dín nínú epo pupa, ó ní ẹnu ń ta òun títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ka ibẹ̀, mo rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n yọjú láti ọ́fíìsì. Àkàrà ni ọkùnrin yìí jẹ. Ó la òkun kọjá, pẹ̀lú ọpọ́n ìwẹ̀, kó lè ráhùn nípa àkàrà. Ní ọjọ́ tó lọ fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ han ọba, ó tẹrí ba lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fi ẹ̀yìn rìn jáde, nítorí kò gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ọba. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní Ìkẹ́nnẹ́ tó máa ń sọ pé òyìnbó kì í foríbalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi ibẹ̀ ránṣẹ́ sí i. 

Ibà pọ́njú ló pa á ní Río. Nígbà ooru, àwọn aṣojú yòókù máa ń sá lọ sórí òkè, níbi tí ẹ̀fọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Bárónì ní kò yẹ kí aṣojú sá fún kòkòrò. Wọ́n sin ín síbẹ̀. Ìránṣẹ́ rẹ̀ gé nínú irun orí rẹ̀, ó sì gbé e wálé fún ìyàwó rẹ̀. Irun náà wà nínú àpótí fàdákà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ṣí sílẹ̀ sínú gíláàsì, ní yàrá kejì lókè, láàárín abẹ̀bẹ̀ ìyàwó rẹ̀ àti ṣíbí tíì. Pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní: "Ohun ìrántí, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà." Àìmọye ìgbà ni mo ti nu gíláàsì yẹn.

Ẹni tó ń bójú tó ilé náà ń jẹ́ Kíláùsì. Ó mọ̀ nípa Bárónì ju bí Bárónì ṣe mọ ara rẹ̀ lọ, òun ló sì kọ gbogbo pátákó tí mo ń kà. Òun ló sọ fún mi pé obìnrin tó ń mú àlejò yí ilé ká fẹ́ fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ tèmi máa ń parí tí òtútù bá dé, nítorí wọ́n á ti ilé, eruku pàápàá á lọ ìsinmi. Tí iṣẹ́ bá parí, ìwé ìgbélùú á tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń mú àlejò káàkiri ní iṣẹ́ látòkè délẹ̀ ọdún. Kíláùsì ní òun á fún mi láyè kan: kí n mú àlejò yí ilé ká lẹ́ẹ̀kan, níṣojú onílé. Onílé ni màmá arúgbó kan, ìran kẹrin sí Bárónì, tó ń gbé nínú ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ọgbà. Tó bá fọwọ́ sí i, mo dúró. Tí kò bá fọwọ́ sí i, Ìkòríta Ṣàgámù ṣì wà níbi tí mo fi í sí.

Mo fi Kíláùsì ṣe ìdánrawò.

"Ó dára," ló wí nígbà tí mo dúró kí n mí. "Ṣùgbọ́n o pẹ́ díẹ̀ lórí bọ́tìnnì."

"Mi ò tíì débi ihò wọn, sà."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó."

Ìyá mi máa ń pè mí lórí Wásáàpù lọ́jọ́ Sunday tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, wọ́n sì ń pẹ́. Obì ni ìyá mi ń tà: ó ń rà á lọ́wọ́ àwọn olóko ní Ìlárá, ó ń kó o lọ fún àwọn Haúsá ní Sábó, ní Ṣàgámù. Ẹni tó bá ti ná obì pẹ̀lú Haúsá fún ogójì ọdún, kò sí aṣojú tó lè fọ̀rọ̀ yí i lọ́kàn padà. Iwájú orí rẹ̀ nìkan ló máa ń hàn lójú fóònù.

"Ọ̀gá rẹ tó ti kú yẹn," ló wí lọ́jọ́ kan. "Ibo ló kú sí?"

"Bràsíìlì ni, Màmí. Iṣẹ́ ìjọba ló bá lọ."

"Ó kú sí ìdálẹ̀. Pẹ̀lẹ́ o. Ta ló gbé e wálé?"

"Wọn ò rí i gbé. Irun orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n mú dé."

"Wọ́n ṣeun. Ibo ni wọ́n sin irun náà sí?"

"Wọn ò sin ín, Màmí. Ó wà nínú gíláàsì. Àwọn èèyàn ń wá wò ó."

Iwájú orí náà kò mira mọ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

"Wọ́n ń sanwó kí wọ́n tó wò ó?"

"Yúrò mẹ́fà. Àwọn ọmọdé ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́."

"Ìwọ wá ń gbálẹ̀ yí òkú ká, o ń sọ fún mi pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé."

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín, mo ní láti sọ ti bàbá ìyá mi. Kùmásí ló ti ń ṣòwò, ibẹ̀ ló sì kú sí. Wọn ò lè gbé òkú rẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà yẹn. Ẹnì kejì rẹ̀ nínú òwò gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, ó dì í sínú aṣọ funfun, ó gbé e wá sí Ìlárá. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n sunkún, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sin ín sẹ́yìn ilé pẹ̀lú orin àti àdúrà. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ pé ó délé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí bọ́ọ̀lù wa bá bọ́ síbẹ̀, a máa ń ní "ẹ jọ̀ọ́, Bàbá" ká tó mú un. Kò sí ohun àràmàǹdà kankan níbẹ̀. Bàbá àgbà wa ló ń sùn.

"Òyìnbó ni wọ́n, Màmí," ni mo wí. "Àṣà wọn yàtọ̀."

"Tí àṣà wọn bá yàtọ̀, kí ni ìránṣẹ́ rẹ̀ ń gé irun sí? Ta ló ní kó gbé e la òkun?"

Mo ṣí ìwé tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ojú ìwé àkọ́kọ́.

Ọmọ àlùfáà ìjọ wọn ń bọ̀ wá kàwé ní Jámánì. Ìyá mi fi agolo mílíìkì kan rán an sí mi. Obì àbàtà ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi ewé tútù dì wọ́n bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ tó fi rán mi kò gùn: kí n gbé e fún ẹbí náà, kí n bá òun kí wọn kú ará fẹ́ra kù, kí n sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n sin bàbá wọn. Mo gbé agolo náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní ìwé ìgbélùú láti rò. Kì í ṣe ẹni tó ń tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ onílé ló ń sọ fún onílé pé òkú wà nínú yàrá rẹ̀.

Èèyàn lè gbé ibì kan títí kó má sí ẹni tó rán an níṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ nípa ìdánìkanwà nìyẹn. Kì í ṣe àìrí èèyàn. Èèyàn pọ̀ ní ilé ìtajà, wọ́n ń tò lẹ́sẹẹsẹ bí ẹyin nínú páálí. Ó jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń sọ pé "bá mi kí ìyá rẹ," tàbí "tó o bá ń kọjá, yà bá mi sọ fún Lágbájá." Ní Ìlárá, kò sí ìgbà tí mo jáde nílé tí iṣẹ́ ẹlòmíràn kò sí lẹ́nu mi. Níbí, ẹnu mi wúwo fún àìríṣẹ́. Agolo tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rán mi láti ìgbà tí mo dé, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo máa mú àlejò yí ilé ká, ìyá mi pè.

"Ṣé o ti jíṣẹ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, Màmí."

Kí ọ̀rọ̀ náà má bàa di irọ́, mo gbé agolo sínú àpò kóòtù mi. Mi ò ní in lọ́kàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn àgbàlagbà kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti ìlú dé ìlú ni wọ́n wá wòran lọ́jọ́ náà, fìlà ike ṣì wà lórí àwọn míì. Onílé wà lẹ́yìn wọn, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ojú rẹ̀ jọ ti Bárónì àfi irùngbọ̀n. Kíláùsì dúró ti ògiri. Mo bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ dáadáa. Mo mú wọn dé Lísíbọ̀n, wọ́n rẹ́rìn-ín nítorí omi gbígbóná. Mo fi ẹ̀yìn rìn jáde níwájú ọba Bràsíìlì, mi ò kọsẹ̀. Bọ́tìnnì, mo ṣe é ní ṣókí, Kíláùsì sì mi orí. A wọ yàrá kejì. Mo ti ń mú wọn kọjá lọ síbi dùùrù nígbà tí onílé fi ọ̀pá kan ẹsẹ̀ àpótí gíláàsì náà.

"Èyí ńkọ́?" ló béèrè. "O ò sọ nǹkan kan nípa èyí."

Mo mọ ohun tó wà lórí pátákó. Ohun ìrántí, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà. Mo lè kà á lójú oorun. Mo la ẹnu, ohun tó sì jáde ni:

"Bárónì nìyí, Màmá. Ó ti Bràsíìlì dé. Ó ń dúró kí wọ́n sin òun."

Ẹni tó bá ti já sódò kì í sá fún òjò mọ́, nítorí náà mo yọ agolo náà jáde. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Mo sọ fún un pé ìyá mi, tó ń ta obì ní ìlú kan tó ń jẹ́ Ìlárá Rẹ́mọ, gbọ́ pé bàbá wọn kú sí ìdálẹ̀, ó ní kí n kí wọn kú ará fẹ́ra kù. Ó ní irun náà ti dé ilé, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi.

Ọ̀kan nínú àwọn oníkẹ̀kẹ́ ṣí fìlà ike rẹ̀. Onílé gba agolo náà, ó wo inú rẹ̀, ó dé e padà.

"Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?"

"Wọ́n ń jẹ ẹ́, Màmá. Ó korò."

Ó gbé e sínú báàgì rẹ̀. Ó yíjú sí Kíláùsì, ó ní, "Ó tó báyìí fún òní," ó sì bá ọ̀pá rẹ̀ lọ. A gbọ́ ọ̀pá náà lórí àtẹ̀gùn títí dé ìsàlẹ̀. Kíláùsì wo bàtà rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wò mí.

"Ti bọ́tìnnì dára gan-an lónìí," ló wí.

Mo lọ sílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí mo máa kó. Ìyá mi pè.

"Mo ti jíṣẹ́," ni mo sọ fún un.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ó tó báyìí fún òní, wọn ò wí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, Màmí."

"Ọ̀fọ̀ ni wọ́n gbọ́. Ẹni tó gbọ́ ọ̀fọ̀ kì í tètè sọ̀rọ̀." Iwájú orí rẹ̀ súnmọ́ fóònù. "Iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ, o jẹ́ ẹ. Tí wọ́n bá lé ọ nítorí ìyẹn, máa bọ̀ nílé. Ilé wa kò tíì wó."

Mo mọ iye obì tó tà kí n tó lè lọ. Ó mọ̀ pé mo mọ̀. Ó dá fóònù dúró kí n má bàa dá a lóhùn.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, onílé ní kí n wá mu kọfí. Ilé ìdáná rẹ̀ ló mú mi lọ. Ó ti gé kéèkì, ó sì ti la obì kan sórí àwo pẹ̀lú ọ̀bẹ kéèkì náà. Awẹ́ kan ti kúrò níbẹ̀.

"Ó korò púpọ̀," ló wí.

"Mo sọ fún yín, Màmá."

"Mo jẹ ẹ́ tán." Ó da kọfí fún mi. "Ìyá àgbà mi kì í jẹ́ ká sáré nínú yàrá yẹn nígbà tá a wà lọ́mọdé. Tá a bá pariwo, á ní, ẹ rọra, ó wà nílé. A máa ń fi rẹ́rìn-ín. A rò pé orí rẹ̀ ti ń dàrú." Ó fi ìka ti àwo náà sí apá ọ̀dọ̀ mi. "Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é, níbi tí o ti wá?"

Mo sọ ti bàbá ìyá mi fún un, Kùmásí àti aṣọ funfun àti bọ́ọ̀lù wa. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò já lu ọ̀rọ̀ mi.

"A ó sin ín," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ní okun tí mo máa fi lọ dúró ní ọ́fíìsì. Ìwọ lo mọ̀ nípa ọ́fíìsì."

"Iṣẹ́ tí mo wá tọrọ ńkọ́, Màmá?"

"Mo ti bá Kíláùsì sọ̀rọ̀. Ó ní kò sí ẹlòmíràn tó lè bọ́ nínú bọ́tìnnì láàyè. Jẹ obì rẹ."

Báyìí ni mo ṣe di aṣojú Bárónì. Mo lọ sí ọ́fíìsì itẹ́ òkú, mo gba nọ́ńbà, mo jókòó. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ mi, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé òfin. Irun kì í ṣe òkú. Tó bá jẹ́ òkú, ó ní láti ní ìwé ikú láti ọwọ́ ìjọba ibi tó kú sí. Ìjọba ọba yẹn kò sí mọ́. Tí kò bá jẹ́ òkú, ohun èlò ni, ohun èlò tí wọ́n bá sì rì mọ́lẹ̀, lójú òfin, ìdọ̀tí ni. Ó kù díẹ̀ kí n bi í pé garawa wo. Ẹ bá mi wò ó: ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé àwọn tó fẹ́ wọ Jámánì, kò ní ìwé tó máa fi wọ ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Mo wo ọkùnrin ọ́fíìsì náà, ó wò mí. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyàwó rẹ̀ ní ibojì níbí, àbí?"

"Ó ní, sà."

"Ẹbí lè gbin òdòdó sórí ibojì tiwọn. Òfin kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó wà lábẹ́ òdòdó." Ó sì pe nọ́ńbà tó kàn.

Nítorí náà a gbin òdòdó róòsì. Àlùfáà wọn gbàdúrà sí i, àdúrà tó gùn díẹ̀ fún òdòdó. Kíláùsì wọ kóòtù dúdú. Onílé fúnra rẹ̀ ló gbé àpò aṣọ funfun tí a di irun náà sí sínú ilẹ̀. Mo gbé fóònù sókè kí iwájú orí ìyá mi lè ríran, ó sì kọ orin kan láti Ìlárá, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, tó ń so. Onílé bi mí ohun tí orin náà ń wí. Mo ní ó ní ẹni tó rin ìrìn àjò ti délé. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Iṣẹ́ kejì tí wọ́n rán mi nìyẹn, mo sì jẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀.

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di òní. Àpótí fàdákà náà wà níbẹ̀ lófìfo. Kíláùsì kọ pátákó tuntun sí i: "Kò sí níbí mọ́." Àwọn àlejò ń ya fọ́tò àpótí òfìfo yẹn ju fìlà tó ní ìyẹ́ lọ, wọn kì í sì fẹ́ gbọ́ ti bọ́tìnnì.

"Wọ́n ti sin tiwọn," ni ìyá mi wí ní Sunday tó kọjá. "Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

Mo sọ fún un pé wọ́n ti fún mi ní ìwé ọdún mẹ́ta. Ó ní kì í ṣe ohun tí òun béèrè nìyẹn.

Mo lọ gẹ irun lọ́jọ́ kejì. Ọmọ ilẹ̀ Síríà ni onígbàjámọ̀ mi, òun náà ń dúró de ìwé kan. Ó gẹ̀ mí tán, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ọrùn mi, ó gbá irun náà jọ, ó sì dà á sínú garawa dúdú. Garawa tó tọ́ ni, ẹnì kan kò ní kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo sanwó, mo dúró díẹ̀, mò ń wò ó. Èmi ṣì máa tún padà lọ tò ní ọ́fíìsì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àmọ́ apá kan lára mi, nínú garawa yẹn, ti rí ìwé ìgbélùú tí kò ní parí gbà.